Irun tí Yóò Wọ Hẹ́límẹ́ẹ̀tì

Jímọ̀, 7/11/2025
Kamilah àbúrò mi dé láti bárékè. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Naeem ọmọ mi kọ́kọ́ sá fún àǹtí rẹ̀, ó bú sẹ́kún — kó tó di àṣálẹ́, àyà rẹ̀ ló sùn sí.
Níbi tí a ti jọ ń ṣa ẹ̀wà ló ti sọ ọ́. Òun ò ní jókòó sí ọ́fíìsì mọ́. Òun ti fi orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń gbé ìbọn lọ sójú ìjà ní Borno. Wọ́n sì ti gbà. Ẹ̀wà tó dáa ni mo kàn ń ṣà dànù.
Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Màámi kú. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí.

Àbámẹ́ta, 8/11
Naeem ń hu eyín. A ò sùn.

Àtìní, 10/11
Rédíò: ṣé ó yẹ kí obìnrin lọ sójú ogun? Ọkùnrin kan pè láti Ọ̀fà Garage, ó ní ta ló máa wá se oúnjẹ. Obìnrin kan ní nígbà tí àwọn agbébọn ń kó ọmọbìnrin wọgbó, ṣé wọ́n béèrè bóyá ó yẹ. Bàbá Naeem ní òun ò fara mọ́ ọn o, bí ọwọ́ ọ̀tá bá tẹ obìnrin ńkọ́? Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn — síbẹ̀ ẹnu mi ti là. Mo ní, "Ọkùnrin tí ọwọ́ wọ́n bá tẹ̀, ṣé tíì ni wọ́n máa ń pò fún un?"
Kamilah rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnì. Ta ló rán mi níṣẹ́? Èmi tí mo fẹ́ kó jókòó.

Àtàlátà, 11/11
Mo bi í ní ìdí tó fi fẹ́ lọ, níbi tí a ti ń sá aṣọ. Ó ní, "Àǹtí mi, lọ́fíìsì, èmi ni mò ń tẹ orúkọ àwọn tó ń lọ. Èmi náà ni mò ń tẹ ti àwọn tí kò bọ̀. Mo sì mọ ìbọn yìn ju púpọ̀ nínú wọn lọ."
Mo ní ọmọ ńkọ́. Ó ní òun á bí i tí òun bá dé, kí n ṣáà tọ́jú aṣọ Naeem de òun. Mo rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Àlàmísì, 13/11
Ó ní kí n di irun fún òun — èyí tí yóò jẹ́ kí hẹ́límẹ́ẹ̀tì wọlé. Ṣùkú ni mo dì. Ó nípọn, ó dúró ṣánṣán láàárín orí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bíi pé irun lè dá sójà dúró. Ó fọwọ́ bà á, ó wò mí. Ó ní ó rẹwà.
Bàbá Naeem ti iléèwé tó ti ń kọ́ni dé. Ó gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó fi ń gun máṣíìnì fún un pé kó dán an wò. Kamilah dé e lé síkáàfù. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì náà jókòó téńté bí ìdérí ìkòkò ìrẹsì tó ń hó. Naeem ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó nàka sí iwájú orí Kamilah láti òkèèrè. "Ìyá Naeem, ibí yìí ṣí sílẹ̀."
Òun tí kò fẹ́ kó lọ rárá.
Mo lọ fọ àwo tó ti mọ́.

Jímọ̀, 14/11
Mo tú gbogbo rẹ̀. Kòlẹ́sẹ̀ ni mo dì, tín-ín-rín, ó lẹ̀ mọ́ orí láti iwájú dé ìpàkọ́. Naeem wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ òòyà.
Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì wá. Mo ń ṣàdúà nínú pé kó má wọlé. Ó wọlé.
Mo ní kó sọ fún ẹni tó bá máa tún un dì lọ́hùn-ún: kó dì í sílẹ̀, kó má kó o sókè rárá. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Àǹtí mi."

Àbámẹ́ta, 15/11
Bàbá Naeem ló fi máṣíìnì gbé e lọ sí garéèjì. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní. Bàbá Naeem kì í jáde láìdé e, kódà kó jẹ́ mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ.
Orí Kamilah ló wà nígbà tí wọ́n jáde.