Ajá Tí Gbogbo Wa Ń Fún Lókèlè

Ẹ kú ilé o, Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Lákòwé níhìn-ín. Mo kí Bàbá, mo kí Àǹtí Ṣadé àti àwọn ọmọ wọn. Ara mi le. Òjò nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu. Omi ti yí ilé tí mò ń lẹ táìsì sí ká, iṣẹ́ ò sì lọ déédéé.

Àǹtí ní inú yín ò dùn sí mi, pé ẹ gbọ́ pé mò ń febi pa ajá ọ̀gá mi, pé ẹ ò bí ahun lọ́mọ. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá náà. Sáìtì ni mò ń sùn, èmi àti ẹ̀ la sì jọ ń ṣọ́ ọ. Ajá tó mọ eré sá ni nígbà tí mo dé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ̀ wá, a kì í lè jẹun kí ojú kan máa wò wá, ká má bù fún un. Bíríkìlà á ju ẹ̀bà sí i, káfíńtà á fún un ní búrẹ́dì, èmi á gé fùfú. Kálukú rò pé òun nìkan ló ń fún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ajá wá rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì, a sì ń yọ̀ pé a tọ́jú ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè dìde. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Dókítà ẹran tí ọ̀gá pè fọwọ́ wá egungun ìhà rẹ̀ títí, ọ̀rá ló ń bá. Ó ní oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé ẹrù yẹn mọ́, pé àkẹ́jù la máa fi pa á. Kò ní ká febi pa á o. Ife oúnjẹ rẹ̀ kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, láìsí òkèlè ẹnikẹ́ni. Ká sì máa mú un rìn tí oòrùn bá rọlẹ̀.

Èmi lọ̀gá fà á lé lọ́wọ́. Bíríkìlà ní ìwà àwọn olówó Lẹ́kìí ti wọ̀ mí lára, tí mo fi ń bá ajá ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Mo bẹ gbogbo òṣìṣẹ́ pé tí ajá bá wá wò wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n kàn fọwọ́ pa á lórí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ajá náà pa mí tì. Kì í wá pàdé mi mọ́, ẹ̀gbẹ́ káfíńtà ló ń lọ sùn sí. Kò rọrùn kéèyàn wọlé kó má sẹ́ni tó máa kí i káàbọ̀. Síbẹ̀ mò ń mú un rìn lẹ́bàá ògiri ẹ́sítéètì níbi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í pẹ́ kó tó jókòó. Nígbà tó yá, òun ló ń fà mí.

Ara rẹ̀ ti jò báyìí. Ọwọ́ ti ń kan egungun ìhà rẹ̀. Dókítà ní ká má dẹwọ́ o, pé ọ̀rá yẹn mọ̀nà ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wáṣẹ́ lọ sí Ajah, mi ò rí. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dé. Tanímọ̀la sáré wá pàdé mi lẹ́nu géètì, ó gbóòórùn ọwọ́ mi méjèèjì, kò rí nǹkan kan, ó sì tún fara nù mí lẹ́sẹ̀, ó bá mi wọlé. Mo jókòó, mo sunkún.

Màmá, ẹ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé èmi lẹ fẹ́ rí, kì í ṣe ẹrù. Mi ò gbà yín gbọ́ ni, ojú ló ń tì mí láti wálé láìrí nǹkan kan mú bọ̀. Mò ń bọ̀ wálé fún Iléyá.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní í fi wá sílẹ̀ láìpẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tó ń béèrè mi.

Èmi ni Làmídì, ọmọ yín tó ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo.