Má Nu Ẹ̀gbọ́n Rẹ Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Yìí

Meerim ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ ní Bishkek níbẹ̀ yẹn. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí tíì lásán lo ṣì ń mu kí o tó lọ máa tún kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ṣe? Kí Ọlọ́run Ọba máa ṣọ́ ọ fún mi, kí n má gbọ́ ìròyìn burúkú nípa tìrẹ, torí mo ti gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ó tó mi. Àwa náà wà níhìn-ín. Yìnyín ti bo òkè, wàrà màlúù ti gbẹ, Zuura aládùúgbò wa sì ń wá yá iyọ̀ lójoojúmọ́, kì í dá a padà.

Kọ̀ǹpútà tí o fi rán awakọ̀ dé láyọ̀. Mo tẹ́ aṣọ sábẹ́ ẹ̀, mo gbé e jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí òtútù má mú un. O ní kí n máa fi wo ojú rẹ ní Sọ́ńdè. O ní o yọ ọpọlọ inú kọ̀ǹpútà Kubat ẹ̀gbọ́n rẹ, pẹlẹbẹ kékeré tó máa ń tọ́jú ohun gbogbo, o nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, o wá fi í sínú èyí. O ní ó mọ́ tónítóní, kò ku nǹkan kan.

Meerim, mo fẹ́ bá ọ wí níbẹ̀: ohun tó kù lára ẹ̀gbọ́n rẹ lo nù yẹn. Ta ló bá ọ bu omi? Ta ló bá ọ di aṣọ mú? Níbo ni ẹnì kan ti ń dá wẹ òkú, kó tún wá jẹ́ obìnrin ló ń wẹ ọkùnrin? O ṣáà rántí àpótí irin tí wọ́n fi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ dé láti ibi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Moscow. Wọ́n ti jó ìdérí ẹ̀ mọ́ ọn bí wẹ́dà ṣe ń jó irin, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ṣí i. Ẹnikẹ́ni ò wẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo bí i, n ò fojú kàn án. Àwọn tó bá wẹ̀ ẹ́ ló yẹ kó pín aṣọ ẹ̀, wọn ò wẹ̀ ẹ́, èmi náà ò fún wọn. Kóòtù ẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo sì máa ń bi í pé ta la sin gan-an.

Àmọ́ inú mi ti rọ̀, torí o ò mọ̀ ọ́n nù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Kubat ń fi àwòrán ránṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá ti kó àgùntàn wọlé, kọ̀ǹpútà á tan fúnra ẹ̀, àwòrán kan á yọ, orúkọ Kubat á wà lábẹ́ ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè, yìnyín nìkan, kò séèyàn. Lẹ́yìn náà, pápá gbalasa ilẹ̀ Kazakh, ojú ọ̀nà Moscow sílé. Lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ẹ̀yìn rẹ ni mo rí, o tẹrí ba sórí iṣẹ́, o ò sì ya irun rẹ. Kí ló dé tí o ò yíjú kí ẹ̀gbọ́n rẹ? Nígbà tó tún yá, òkè Dolon tí a ń gbà kọjá wálé ni mo rí, lẹ́yìn náà àwọn igi gíga ẹnu ọ̀nà abúlé wa.

Zuura ní kí n pa nǹkan náà dé, pé òkú kì í ya fọ́tò. Mo ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́, pé ọkọ ẹ̀ tó wà láàyè, fọ́tò wo ló yà rí?

Ìwọ náà wá pè, o ń sunkún, o ní fóònù Kubat tó sọnù ní Moscow ló wà lọ́wọ́ olè, pé olè náà ò tíì yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, ìdí nìyẹn tí àwòrán tó bá yà fi ń dé orí kọ̀ǹpútà, pé ò ń bọ̀ ní Sátidé wá nu ọpọlọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Olè wo ló mọ ọ̀nà ilé mi, Meerim? Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ ọmú mi tí o mu, má fọwọ́ kàn án. Ní gbogbo Alámísì ni mo ń dín àkàrà ìyẹ̀fun boorsok, kí òórùn epo lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ bí a ṣe ń ṣe fún òkú. Ti òní yìí, mo dín in kó lè jẹ ẹ́ ni. Géètì wa ló wà nínú àwòrán àná. Ajá ti wọ abẹ́ ibùsùn, kò fẹ́ jáde, òpònú ajá, kò mọ ọmọ ilé mọ́.

Torí náà, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó ìyẹ̀fun àti ṣúgà rán awakọ̀ sí mi, kí o fi ti bàtà ọkùnrin kún un, torí ẹni tó rin irú ọ̀nà yẹn, bàtà ẹ̀ á ti já. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Wàá bímọ, ọmọ náà á sì padà wálé bá ọ láti ibi yòówù tó bá lọ.

Èmi ni ìyá rẹ, Burul.

Mo ti fẹ́ ká ìwé yìí nígbà tí kọ̀ǹpútà tún tan. Ìyá àgbà kan ló wà nínú àwòrán náà, ó kẹ̀yìn, ó fi gèlè funfun wérí, ó tẹrí ba, ó ń kọ̀wé. N ò tíì yíjú. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún ọ, kí o má baà da ara rẹ láàmú wá ní Sátidé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè ni, ìṣó nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó ti mú kóòtù ẹ̀ wọ̀. Òtútù ò ní mú ọmọ mi mọ́.