Àwòrán Rẹ Kò Sí Lórí Fóònù Mi Mọ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọmọ níbi tí ojú ìyá kò tó yóò máa ṣọ́ ọ fún mi. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń gbọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀, ìjì sì ti ká páànù ilé ìdáná lọ.

Ọmọ mi, fóònù mi ń ṣàìsàn. Àwòrán rẹ ti pòórá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo bá sì fi ránṣẹ́ sí ọ lórí wásáàpù, àmì kan ṣoṣo ló ń mú jáde, tí ti àwọn tó kù ń mú méjì. Mo pè ọ́ títí, kò lọ. Mo gbé fóònù náà lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, mo ní kó tú u, kó gbọn eruku inú rẹ̀ dànù. Ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó wò mí lójú, ó ní kò sóhun tó ṣe é, pé ọmọ mi ló ti ọ̀nà mọ́ mi láti orí fóònù tirẹ̀. Kò tilẹ̀ gbowó. Ẹni tí kò gbowó iṣẹ́, ṣé ó mọṣẹ́ ni?

Mo délé, mo sọ fún àbúrò rẹ, Ata-wẹ́wẹ́. O mọ ẹnu rẹ̀. Ó ní ta ló rán mi níṣẹ́ pé kí n pe ọ̀gá rẹ? Ṣebí ẹ̀rù ló bà mí. Ìwọ lo sọ pé wọ́n ti gbé ọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, pé ìwọ ló ń wọn oníbàárà báyìí. Mo mọ bí ojú ṣe máa ń tì ọ́ láti kékeré, ni mo bá pe ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n rọra, pé ọmọ mi máa ń gbọ̀n níwájú àlejò. Wọ́n dá ọ padà sẹ́yìn, sídìí áyọ́ọ̀nù. O pè mí, o ní mo ṣeun, o sì pa fóònù. Mo yọ̀ lọ́jọ́ náà, mo rò pé ọpẹ́ ni.

Ata-wẹ́wẹ́ ní bó bá ṣe òun ni, ilé ì bá gbóná. Òótọ́ ni. Mi ò jẹ́ wọ yàrá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn, torí ariwo rẹ̀. Ìwọ kì í jà. Mo tú àpò rẹ, mo yan ọ̀rẹ́ fún ọ, o kàn ń wò mí, mo wá ń fi ọ́ yangàn ládùúgbò pé ọmọ yìí ò ní wàhálà.

Mo ti di ẹrù pé kí n wá ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ lójúkojú. Ata-wẹ́wẹ́ já báàgì gbà, ó ní ṣé kí n lọ bà á jẹ́ tán ni. Mo tú ẹrù náà. Ó ń dùn mí o, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Owó ni mo tún fẹ́ bèèrè, bí ìṣe mi. Owó ọkọ̀ ni. Bàbá rẹ ti fún mi, ó wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n tìrẹ ni mo fẹ́ fi wọkọ̀. Ọjọ́ tí o bá fi ránṣẹ́ ni màá mọ̀ pé o fẹ́ rí mi. Bí o kò bá fi ránṣẹ́, màá jókòó sílé, mi ò ní pe ọ̀gá, mi ò ní rán ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run á fún ọ ní ẹnu tí wàá fi sọ pé rárá, ìbáà jẹ́ èmi lo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ìyá rẹ ni.