Ẹ Má Tíì Pa Obì Tí Olóbì Gbé Wá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin Bàbá mi. Ẹ kú ilé, ẹ̀yin Ìyá mi. Láti Bantè, lẹ́yìn ààlà lábẹ́ àwọn Faransé, ni mo ti kúnlẹ̀ kí gbogbo ará ilé wa ní Ṣakí. Ẹ kú ilé, ẹ̀yin Bàbá Kékeré tí ẹ mọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sínú yàrá. Ẹ jókòó sí ìloro, kí ẹ kà á sókè, kí gbogbo agboolé gbọ́, pàápàá àwọn ìyá tí wọ́n ní ọmọbìnrin tí wọ́n sì ń sọ pé ilẹ̀ Faransé dára, pé ọkọ pọ̀ níbẹ̀. Ìwé gbogbo ilé ni.

Kí ẹ tó kà á síwájú: olóbì tó mú ìwé yìí wá gbé obì kan dání fún yín, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Ẹ má tíì pa á. Ẹ má fi kan ẹnu. Ẹ gbé e sórí àjà níbi tí ewúrẹ́ kò ti lè dé, kí Bàbá Àgbà tí ọwọ́ wọn máa ń yún wọn bí wọ́n bá ti rí obì má lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ mi tán ná.

Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ń sọ pé Àṣàkẹ́ tún ti bẹ̀rẹ̀. Àṣàkẹ́ tó fi ohùn tíṣà tú kíláàsì ká kí agogo tó lù, tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé láti kíláàsì kẹrin. Èmi náà ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fi sọ èyí. Ẹnu mi lè sín èèyàn jẹ, ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là, ó máa ń dùn mí bí mo bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Sàfúrà, tí ẹ ní kí n wá bá tọ́jú Sàlíù ọmọ wọn, wà ní àlàáfíà. Oyún inú wọn ti ń wúwo. Ọkọ wọn, Bàbá Sàlíù, ń ránṣọ létí ọjà Bantè, ẹ̀rọ wọn ń ké láti àárọ̀. Èmi ni mo ń lọ ta aṣọ òfì tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Owó ibí kò ṣe é ná lọ́dọ̀ yín, iyọ̀ ni mo fi rán olóbì. Èdè wọn sún mọ́ tiwa, bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri: o mọ̀ pé ará ilé rẹ ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n o ní láti tẹ́tí. Kò pẹ́ tí mo fi ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Mo ń sín àwọn Máhì, ẹ̀yà kejì tó wà níbí, jẹ, mo ń sín àwọn òyìnbó tó ń gba imú sọ̀rọ̀ jẹ. Àwọn ọmọdé a máa tẹ̀lé mi kiri. Bí wọ́n bá ti túká, tí mi ò rẹ́ni sín jẹ fún mọ́, ilé á wá sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ. Àgbà ni, ọmọ tó ń rá ni, ọkùnrin ni, obìnrin ni, ọkọ ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Àbúrò ọkọ wọn kan wà tó ń jẹ́ Yáyà, tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù. Bí Yáyà bá ti oko ẹrù dé, Ẹ̀gbọ́n mi á ní ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Èmi náà á wá rọ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá sọ ohùn mi di tiwọn, màá ní ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Yáyà á ní ìyàwó òun tí kò mọ ọbẹ̀ẹ́ sè ti dé. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Eré ni. Yáyà ní àfẹ́sọ́nà ní Agoua, ó sì ti ń bá bàbá ọmọ náà kọ ebè láti ọdún tó kọjá.

Lọ́jọ́ ọjà Savalou kan báyìí, Ẹ̀gbọ́n mi ní oyún ò jẹ́ kí òun lè rìn, kí Yáyà fi kẹ̀kẹ́ gbé èmi àti aṣọ lọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹrù ni àwọn gáàdì tó ń dé fìlà pupa yí ọjà ká. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ìwé ìrìnnà jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní lésépásé. Bàbá, ẹ rántí pé ọ̀nà oko la gbà wá. Ta ni ì bá fún wa ní ìwé nínú igbó? Wọ́n ti mú ọkùnrin alálùbọ́sà kan níwájú mi, wọ́n ti fi okùn so ó mọ́ ẹlòmíràn. Gáàdì kan tó jẹ́ Máhì dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní ìwé dà. Gbogbo ohùn tí mo ní sá lọ, àfi ti Ẹ̀gbọ́n mi. Mo yíjú sí Yáyà, mo ké pé ọkọ mi, ẹ gbà mí o!

Gáàdì dúró. Ó gbọ́ èdè wa díẹ̀, ìwọ̀n èyí téèyàn fi ń ra ẹ̀kọ. Asú ni ọkọ ń jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, ọkùnrin tó gbéni níyàwó nìkan ló sì gbọ́ nínú ohun tí mo wí. Ó na ìka sí Yáyà, ó béèrè pé ṣé asú mi nìyẹn. Mo rí i pé ọ̀nà ti fẹ́ là. Mo kúnlẹ̀, mo dojú kọlẹ̀ bí Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe, mo ní ọkọ mi ni. Ó bi Yáyà. Yáyà wo okùn ọwọ́ gáàdì, ó wò mí, ó ní ìyàwó òun ni. Gáàdì rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa ta ọjà mi, ìyàwó ọmọ ilẹ̀ yìí kì í ṣe àjòjì. Ṣùgbọ́n ó pe akọ̀wé kan kó wá gbọ́, ó sì ní bí oṣù tuntun bá lé, kí èmi àti ọkọ mi mú àgbà ilé lẹ́yìn, ká wá sọ ọ́ níwájú Kòmándà, òyìnbó olórí wọn. Ó ní ẹni tó bá parọ́ fún ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni; bó bá ti ẹ̀wọ̀n dé, wọ́n á lé e sọdá ààlà.

Nígbà tí a délé, mo sọ ọ́ bí àlọ́. Mo yan bíi gáàdì, mo fi igbá dé orí ṣe fìlà pupa. Bàbá Sàlíù rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún wọn lọ́wọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín: ìyá ọkọ Ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ìró kan jáde nínú àpótí, wọ́n ró o mọ́ mi nídìí. Wọ́n ní ohun téèyàn bá sọ lójú ìjọba ti kúrò ní eré. Wọ́n ní àwọn ò bí ọmọ tó máa parọ́ fún Kòmándà, nítorí náà kò lè jẹ́ irọ́. Wọ́n wá gbá mi mọ́ra. Ìyá mi, wọn ò bú mi, wọn ò nà mí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ohun tó ń já mi láyà jù nìyẹn. Bó bá ṣe pé wọ́n bú mi ni, ǹ bá sín wọn jẹ, kó sì tán.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè mí, ẹnikẹ́ni kì í sì í rẹ́rìn-ín mọ́ bó bá pè é. Mi ò lè pe Yáyà ní ọkọ mi mọ́, mi ò sì lè pe orúkọ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń húkọ́ ni.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Obìnrin ará Ìsẹ́yìn kan ti Akpassi wá kí Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà òjò. Ará ilé ọkọ ní kó fẹ́ àbúrò olóògbé, ó kọ̀. Wọ́n ní kò burú, kó máa lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ilé àwọn ni àwọn ọmọ. Ó gba ọ́fíìsì lọ. Wọ́n bi í pé ta ló rí ìdáná rẹ̀, ó ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n wà. Wọ́n bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀ fún un, ó ní òun náà ni. Wọ́n ní kó lọ mú ọkùnrin wá. Ó bá wa jẹun lọ́jọ́ náà kó tó máa lọ sílé, ó ń bu òkèlè sọ́tọ̀ lẹ́bàá àwo, ó ń bù ú fún àwọn ọmọ tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi rí òkèlè yẹn. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ń dirun fún mi, wọ́n ní bí mo bá sọ fún Kòmándà pé irọ́ ni, ìjọba á béèrè ẹni tó mú mi wá. Àwọn náà ò ní ìwé. Wọ́n á lé àwa méjèèjì, Sàlíù àti àbúrò rẹ̀ tó wà nínú ò sì ní bá ìyá wọn sọdá. Wọ́n ní kí n dákun, kí n ṣì jẹ́ ìyàwó ná, kí àwọn fi bímọ.

Yáyà náà bá mi nídìí kànga. Ó ní bàbá ọmọ Agoua ti gbọ́, ó ti ní kí òun gbé ọkọ́ òun kúrò lóko àwọn. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọkọ tó bọ́ lẹ́nu mi. Ó ní ìwọ Àṣàkẹ́ tó mọ ohùn gbogbo èèyàn, ṣe ohùn bàbá rẹ, ká gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí. Mo húkọ́ bí ẹ ti máa ń húkọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu. Kò jáde. Mo tún gbìyànjú, ohùn gáàdì ló jáde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, Yáyà sì bá mi pọn omi mi lọ sílé.

Àná ni Ìyá Àgbà wé obì yẹn. Wọ́n ní kí olóbì sọ fún yín pé àwọn rí òdòdó kan lágbàlá yín. Bí ẹ bá pa á tí ẹ jẹ ẹ́, ẹ ti fọhùn. Bàbá Sàlíù ló yọ́ sọ fún mi, wọ́n fún mi ní bébà tí wọ́n fi ń gé ẹ̀wù, wọ́n ní kí n kọ̀wé sílé kíá, kí n tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ẹrù olóbì kan náà. Obì wà lókè, ìwé wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rù èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni kò jẹ́ kí n jẹun láti àárọ̀.

Bàbá, ẹ wá fúnra yín. Ẹ gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má gba ọ̀nà oko. Ẹ mú Bàbá Kékeré tó jókòó níbi ìdáná Ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn. Ẹ na ọwọ́ sí Ẹ̀gbọ́n mi níwájú Kòmándà pé èyí, mo fi í fọ́kọ. Ẹ na ọwọ́ sí èmi náà pé èyí, mi ò tíì fi í fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Sàlíù ní àwọn á sọ pé èdè ló ṣi gáàdì lọ́nà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà. Ojú wọn ò jọ ti ẹni tó dá lójú. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá lé tí ẹ ò tíì dé, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, mi ò sì mọ ohùn tí mo máa fi sọ ọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀, ọkọ ibí kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó di ẹrù lé ọmọ yín lórí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún un níbi tí wọn ò ti mọ ilé bàbá rẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́nà fún yín, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, kí wọ́n má bínú nítorí obì. Ẹ kí àwọn ọmọ ilé, ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ mi, ẹ kí tíṣà pàápàá. Bí ẹ bá dé Bantè, ẹ má béèrè ilé ìyàwó Yáyà o. Wọ́n á mú yín débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ pé ọmọ yín lẹ ń wá.

Èmi ni,
ọmọ yín, ọmọ yín ṣì ni,
Àṣàkẹ́.