Wọ́n Ní Kí Ṣọ́ọ̀bù Bàámi Má Yí Padà

"Ẹ̀yin tí ẹ ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ta ló máa bá yín ki òwú bọ̀ ọ́ ní ìlú ńlá? Àbí ìjọba ni?"

Bí Màámi ṣe pariwo ẹ̀ gan-an nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Káfíńtà òdìkejì dá òòlù dúró. Bàámi wọlé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ní kí n mú bébà wá, àwọn fẹ́ kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni akọ̀wé ilé yìí, bẹ́ẹ̀ mi ò parí ilé ìwé girama. Inú ìwé tèmi yìí ni mo ti ń kọ́kọ́ kọ ọ́, torí mo máa ń ṣi ọ̀rọ̀ kọ, lẹ́yìn náà ni màá dà á kọ sórí bébà tó mọ́.

Ohun tó fa ariwo ni pé ẹ̀gbọ́n mi pè sórí fóònù Màámi láàárọ̀, gbogbo wa sì ń gbọ́ ọ. Ó ní àwọn ìjọba tó ń bójú tó ilé àtijọ́ ti wá wo ṣọ́ọ̀bù tí Bàámi ti ṣe télọ̀ kí a tó kó wá sí abúlé. Wọ́n ní ilé iyì ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí ojú ẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kan máa gbà á láti máa ta ìwé àti tíì níbẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa kan àmì onírin mọ́ ògiri, kí Bàámi wá jókòó sídìí káńtà, kí wọ́n fọwọ́ rán aṣọ díẹ̀ fáwọn èèyàn wò. Ọjọ́ kan péré. Mo gbọ́ "ọjọ́ kan péré" yẹn, Màámi náà gbọ́ ọ. Àmọ́ Bàámi ti dìde nígbà yẹn, wọ́n ti lọ wá kóòtù wọn.

Lẹ́tà náà nìyí, bí wọ́n ṣe ń pè é fún mi:

Ọmọ mi, àrẹ̀mọ mi, ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara ìyàwó le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Àwa náà wà, a ń dúpẹ́, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣìnà nílé, kò ní jẹ́ kí o ṣìnà níbi iṣẹ́. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan funfun, èkejì fi ojú jọ káfíńtà.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí o sọ, mo gbọ́ ọ, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun tán. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ìjọba máa padà rí wa. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ní ohunkóhun ò gbọdọ̀ yí padà, má kun ún, má sì gbálẹ̀ jù, eruku tó wà lẹ́yìn káńtà yẹn ti pẹ́ níbẹ̀, òun náà á ti níyì. Gíláàsì fèrèsé tí o fi bọ́ọ̀lù fọ́ nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo fi aṣọ dí, má yọ aṣọ yẹn o. Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tó so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ẹni tó ni ín ò wá gbà á mọ́, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Tí ọkùnrin náà bá wá dé, fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ìjọba ti gbà á.

O ní ilé onífótò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti di ibi tí àwọn èèyàn ti ń sáré lórí ẹ̀rọ láìkúrò lójú kan. Ta ló ń lé wọn? O ní ti onífìlà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ìyẹn dára, ara orí náà ni wọ́n ṣì ń gbé e sí. Bá mi kí obìnrin oníwèé yẹn. Bi í bóyá kò sí omi gbígbóná nílé àwọn tó fẹ́ wá mu tíì níbẹ̀ ni, nítorí àánú wọn ń ṣe mí. Àyè á gba èmi àti òun. Kó máa ta tíì rẹ̀ lápá òsì, èmi á wà lápá ọ̀tún níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ṣé o rántí ibi tí pákó ilẹ̀ ti jẹ wọnú níwájú dígí? Gbogbo ọkọ ìyàwó àdúgbò yẹn ló dúró síbẹ̀, tí mo ní kí wọ́n yí sọ́tùn-ún, kí wọ́n yí sósì, ẹsẹ̀ wọn ló gbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni ìwọ náà ti kọ́ ìrìn, o di ẹsẹ̀ káńtà mú, ò ń sunkún. Ilé tí wọ́n ní kó má yí padà, tí télọ̀ ò bá sí nínú ẹ̀, ó ti yí padà nìyẹn. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo ti ń di ẹrù mi.

Má dá ìyá rẹ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ojú. Ojú mi ríran. Láti ibi tí mo jókòó sí yìí, mo rí ewúrẹ́ méjèèjì lóde.

(Mo wo ìta. Ewúrẹ́ kankan ò sí níbẹ̀. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.)

Wá fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. N kò ní béèrè owó kóòtù, ti tẹ́lẹ̀ ni màá wọ̀, òun náà ò gbọdọ̀ yí padà. Má fi owó náà sínú fóònù ìyá rẹ o. Ó já sínú garawa omi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò tíì gbẹ, n kò fẹ́ kí owó mi rin. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé tìrẹ náà pẹ́ débi tí àwọn àjèjì á fi máa wá wò ó. Èmi bàbá rẹ, télọ̀ inú ilé ìjọba.

Bàámi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní mo kọ ọ́ dáadáa. Orí ìwé náà wà nísàlẹ̀.

Nílé yìí, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ojú Bàámi jáde, àfi Màámi lónìí. Dígí ojú tí wọ́n rà ò ran nǹkan kan. Tí Bàámi bá fẹ́ rán aṣọ, wọn kì í ní kí n bá àwọn ki òwú. Wọ́n á ní, "Wá bá mi wò ó bóyá abẹ́rẹ́ yìí mú." Màá gbà á, màá ki òwú bọ̀ ọ́, màá ní, "Ó mú, Bàámi." Ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ wọn á máa lọ gbọọrọ, wọn ò tiẹ̀ ní wò ó, ojú rírán ẹ̀ á tọ́ ju ìlà inú ìwé mi yìí lọ.

Ìdáhùn ìbéèrè Màámi ò le. Èmi ni. Tí mo bá là á lẹ́nu báyìí, wọ́n á mú mi dání. Màá rí ìlú ńlá tí mo ti ń torí ẹ̀ sunkún látìgbà tí a ti kó wá síbí, màá rí yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bí mi sí, màá gba ìsinmi lọ́wọ́ ewúrẹ́ àti òòlù. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ mo wá ń rí i lọ́kàn mi: Bàámi nídìí káńtà, èrò pọ̀ níwájú wọn, àwọn kan ń ya fótò, Bàámi wá pè mí pé kí n wá wò ó bóyá abẹ́rẹ́ mú. Gbogbo wọn á mọ̀.

Ti ọjọ́ kan péré yẹn, ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ á sọ ọ́ fún wọn. Kì í ṣe ẹnu mi ni wọ́n á ti gbọ́ ọ.

Gbogbo abẹ́rẹ́ inú agolo wọn ni màá ki òwú bọ̀, dúdú, funfun, aláwọ̀ eérú. Màá jẹ́ kí òwú wọn gùn dáadáa, màá tò wọ́n sábẹ́ kọ́là kóòtù náà, níbi tí ọwọ́ Bàámi á ti máa bá wọn. Wọn ò ní béèrè, mi ò ní sọ. Mi ò ní sọ fún Màámi, mi ò ní sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Tí wọ́n bá sì bi mí bóyá mo fẹ́ tẹ̀ lé Bàámi lọ, màá fajú ro bí mo ṣe máa ń ṣe, màá ní mo kórìíra ariwo ìlú.