Iye Tí Mo Kọ fún Yàrá Rẹ

Djègan-Kpèvi, Porto-Novo

Kamilath, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Paris kò tíì wọ̀ ọ́ dé egungun? Àwa níhìn-ín wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa. Mo ti gbàdúrà fún ọ lẹ́yìn ìrun àárọ̀ kí n tó mú kálàmù, pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí yìnyín, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ fi ojú burúkú wò ọ́, àmín. Èmi bàbá rẹ, Soumanou aránṣọ, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Rahimath, ọmọ ilé kejì tó ń lọ sí yunifásítì, ni yóò ya fọ́tò rẹ̀ tí yóò sì fi ránṣẹ́ sínú tẹlifóònù rẹ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe gé àdúrà ìparí kúrò.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ Inoussa ti bí ọkùnrin, orí ọmọ náà tóbi bíi ti gbogbo wa, nítorí náà kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́, àfi ariwo tó ń pa.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lóṣù tó kọjá ni kò kúrò lọ́kàn mi. O ní o kò ní lè wálé fún Iléyá lọ́dún yìí náà, pé ohun gbogbo ti wọ́n jù lọ́hùn-ún, owó yàrá àti oúnjẹ ló ń gbé owó oṣù rẹ lọ. Ọdún kẹfà rèé, Kamilath. N kò bá ọ jà. Mo kàn ní kí n wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra mi ni.

Rahimath wá fi ojú ìwé kan hàn mí nínú tẹlifóònù rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ iye tí oúnjẹ àti ilé jẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè sí. Mo ní kó ṣí Paris. Háà! Wọ́n ní àwo oúnjẹ kan ní ilé oúnjẹ tí kò wọ́n, nǹkan bí ẹgbàárùn-ún fránkì tiwa ni. Èyí tí kò wọ́n nìyẹn o! Ìgò omi kan lé ní ẹgbẹ̀rún. Wọ́n tún kọ owó tí ènìyàn ń san lóṣooṣù kó lè wọ ilé kan lọ máa sáré lójú kan, láìdé ibì kankan. Bí o bá ń san ìyẹn, jọ̀ọ́, jáwọ́ níbẹ̀. Níhìn-ín, bí o bá sáré láti ilé wa dé Tokpota, o kò san nǹkan kan, o sì ti dé Tokpota.

Ibi tó dẹ́rù bà mí ni ibi tí wọ́n kọ oúnjẹ ènìyàn méjì sí, tó lé ní ọ̀kẹ́ méjì fránkì. Kamilath, ta ni ẹnì kejì? Rahimath ní kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń bá wí, pé gbogbo ènìyàn ni. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣàdédé mọ̀ pé ẹ jẹ́ méjì. Bó bá jẹ́ ọmọ tó ń kírun tó sì níṣẹ́ lọ́wọ́, sọ fún mi, n kò ní bínú, kó ṣáà máa san ìdajì.

Mo wá ní kó ṣí Àjàṣẹ́ wa yìí, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Òfìfo ló wà níbẹ̀! Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tíì sọ iye nǹkan ibẹ̀ fún àwọn, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó kọ ọ́. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ìdí tí o kò fi wálé nìyẹn: kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ̀yin ará Paris iye tí ilé jẹ́. Mo fi ṣòkòtò oníṣòkòtò sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mo ní kí Rahimath jókòó ká dá wọn lóhùn.

Mo ní kó kọ́kọ́ kí ẹni tó ń béèrè, kó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Àpótí ìdáhùn kọ̀ ọ́, ó ní nọ́ńbà nìkan lòun ń gbà. Mo fi í sílẹ̀, bóyá bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn.

Wọ́n béèrè iye àwo oúnjẹ kan níta, bẹ́ńṣì Ìyá Afiss ẹlẹ́kọ ní Houinmè ló sì wá sí mi lọ́kàn. Ṣé o rántí? Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, n ó gbé ọ síwájú alùpùpù, ìwọ náà á di irin rẹ̀ mú bí ẹni pé ìwọ lò ń wà á. Ẹ̀kọ mẹ́rin, ẹja díndín kan, ata lọ́tọ̀ nítorí tìrẹ. Orí ẹja lo máa ń béèrè, wàá jẹ ẹ́ títí kan ojú, Ìyá Afiss á rẹ́rìn-ín, á ju ẹ̀kọ kan sí i. Bí a bá délé, ìyá rẹ á gbọ́ òórùn ẹja lẹ́nu wa, á ní òun ti se oúnjẹ tán, kí àwa méjèèjì kó ẹrù wa lọ sí Houinmè. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ìjà yẹn ń wù mí gbọ́, Kamilath, ó ń wù mí gan-an. Mo ní kí Rahimath kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fránkì, kó sì fi kún un pé ẹni tí wọ́n bá mọ bàbá rẹ̀, ẹ̀kọ kan ṣì wà fún un. Àpótí kò gba ìyẹn náà.

Ó wá ku owó ilé. Wọ́n ní èló ni yàrá kan láàárín ìlú lóṣù kan. Mo ro ó títí. Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, ibùsùn rẹ, àwọn ìwé rẹ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò mi. Mo ní kó kọ òdo. Rahimath ní wọn kò ní gbà á, pé kò síbi tí wọ́n ti ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbà á! Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní báyìí, gbogbo ayé ti mọ̀ títí dé Amẹ́ríkà pé yàrá kan wà ní Djègan-Kpèvi tí wọn kì í gba owó rẹ̀. Bí àlejò kan bá ṣáájú rẹ dé, n ó sọ fún un pé ẹni tó ni ín ti ń bọ̀.

Ohun tí n kò rí àpótí kọ sí ni pé yàrá náà ń jò. Mo gbé garawa sórí ibùsùn rẹ láti òjò èṣí. Wassim gbẹ́nàgbẹ́nà ní páànù mẹ́jọ ló máa gbà, pẹ̀lú owó iṣẹ́ rẹ̀, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún fránkì. Jọ̀ọ́, bá mi wá a, kí n má baà di òpùrọ́ lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí owó ọwọ́ rẹ kò bá tó ti páànù àti ti ọkọ̀ òfuurufú, fi páànù sílẹ̀. Wàá sùn ní yàrá tèmi, èmi á sùn ní tìrẹ, n ó máa da omi garawa nù, inú mi á sì dùn.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kó la ọ̀nà fún ọ, kó sì jẹ́ kí ọ̀nà náà gba ilé kọjá.

Èmi bàbá rẹ,
Soumanou