Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Màmá

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń tú ọ̀rọ̀ wò bí ẹni ń bó ẹ̀pà,

Ilé ìwòsàn kan ní Ìlaró ni mo ti ń kọ èyí sí yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n ní oko ẹ̀gẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Apá ọ̀tún wọn ò gbé mọ́. Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn, àfi ẹyọ kan: gúdúbáì.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn. Láràárọ̀ tí ẹ bá fẹ́ gun ọ̀kadà lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì l'Áyétòrò, ẹ ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, Màmá tí kò dé ilé ìwé rí á sì dá a padà fún yín, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti parí. Wọ́n ní Màmá ń dágbére ni, kí á gbé wọn lọ sílé n'Ímáṣàyí, kí wọ́n lè sinmi lórí ẹní ara wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún. Mo rán wọn létí bí ẹ ṣe máa ń gbé òkèlè dúró láàárín àwo àti ẹnu kí ẹ lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ Òyìnbó ti wá fún wa. Pé wíńdò, ojú afẹ́fẹ́ ni lẹ́nu àwọn ará àtijọ́. Pé bírékífáàsì, ìṣínu ni, bí tàwọn aládùúgbò wa tó ń gbààwẹ̀. Pé gúdúbáì, àdúrà ni látilẹ̀: kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín. Ẹnu ló jẹ ẹ́ kúrú. Mo ní Màmá ń ṣàdúrà fún wa ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Bàbá ti kú, àbúrò mi. Ta ló máa bá wa bi wọ́n bóyá bẹ́ẹ̀ ni?"

Bàbá, ṣé òótọ́ lẹ sọ fún wa? Àbí ẹ kàn fi ń dá wa lára yá ni?

Lọ́sàn-án òní, Ẹ̀gbọ́n mi àti awakọ̀ kan gbé ọkọ̀ dé. Wọ́n ti ń ká aṣọ sínú báàgì nígbà tí Màmá wo ife omi, tí wọ́n ní gúdúbáì. Kò tètè yé mi. Màmá tún wo ife náà, wọ́n tún wí i, tìbínú-tìbínú. Mo gbé omi sí wọn lẹ́nu. Wọ́n mu ún tán.

Òùngbẹ ni, Bàbá. Òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, báàgì lórí ẹsẹ̀, wọ́n ní kí awakọ̀ máa lọ, a ò lọ mọ́.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí Màmá bá tún sọ ọ́ lọ́la, kí ni kí n gbọ́? Dókítà ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí wọn lókèèrè, ẹ má tíì pè wọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wọn ni.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.